Ìṣó Oníná àti Ògidì Oje Igbó: Ohun tí Ó Yẹ kí Ìdílé Mọ̀

Ẹ̀kọ́ wa nínú ìwé yìí dá lórí ohun èlò kan tí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá lè rí nínú ilé ara wọn kí wọ́n má sì mọ ohun tí í ṣe.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a parí àlàyé lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ìyá ọlọ́jà, obìnrin kan dúró dè wá títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi lọ tán. Ó tú ọ̀rá dúdú kan tí ó mú lọ́wọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni àpótí irin kékeré kan tí nọ́ńbà ń hàn lójú rẹ̀, wáyà gígùn kan tí a ká orí rẹ̀ bí òṣùká, àti àwo kóńkó kan tí ó jọ gíláàsì. Àkọ́bí rẹ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà dé fún ọdún Kérésìmesì ni ó kó wọn wálé. Ìyá náà rò pé irinṣẹ́ àwọn tí ń tún rédíò ṣe ni. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni pé àbúrò ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fi ọwọ́ kan òṣùká wáyà yẹn, awọ ọwọ́ rẹ̀ sì bó lẹ́sẹ̀kan náà. Ó wá sọ ohun kejì ní ohùn jẹ́jẹ́: "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá kò gbádùn. Kì í jẹun mọ́. Ó ń bì ṣáá ni, omi gbígbóná ni ó sì fi ń wẹ̀ tọ̀sán-tòru. A ti lo oògùn ibà, a ti lo oògùn ọgbẹ́ inú. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni nǹkan yìí?"

Ìbéèrè ìyá yìí ni ẹ̀kọ́ wa fẹ́ dáhùn.

KÍ NI ÒGIDÌ OJE IGBÓ?

Gbogbo wa ni a mọ igbó tí àwọn kan ń dì mu bí sìgá. Nínú òdòdó àti ewé rẹ̀ ni èròjà kan wà tí a ń pè ní THC. Èròjà yìí ni ó máa ń yí ojú àti ìrònú ẹni tí ó mu ún padà. Ní ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, Raphael Mechoulam àti Yechiel Gaoni, yọ ọ́ sọ́tọ̀ lógidì tí wọ́n sì ṣàlàyé bí ó ṣe rí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi ẹmu àti ògógóró ṣe àpẹẹrẹ. Inú ẹmu ni a ti ń yọ ògógóró, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò fi igbá tí ó fi ń mu ẹmu bu ògógóró mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ewé igbó àti ògidì oje rẹ̀ rí sí ara wọn. Nínú igbó tí àwọn agbófinró Amẹ́ríkà gbà ní ọdún 1995, THC kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2021, ó ti gòkè dé nǹkan bí ìdá 15. Ṣùgbọ́n nínú ògidì oje, ó sábà máa ń tó ìdá 60 sí ìdá 80 nínú 100, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ń lò ó a máa pe òmíràn ní wax nítorí pé ó rọ̀ bí ìda oyin, wọn a sì máa pe òmíràn ní shatter nítorí pé ó ń fọ́ bí gíláàsì.

Gáàsì bútéènì, irú èyí tí ó wà nínú láítà, ni àwọn kan fi ń fọ oje náà kúrò lára ewé. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ yàrá ni ó máa ń rọ̀ sí. Ẹ̀ta-iná kékeré kan ti tó láti mú kí gbogbo yàrá náà bú gbàù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ni iná ti jó lọ́nà yìí nínú ilé ìdáná tiwọn.

KÍ NI ÌṢÓ ONÍNÁ, BÁWO NI Ó SÌ ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Ògidì oje kì í ṣe ohun tí a ń dì sínú bébà. Ó ń fẹ́ ooru púpọ̀ kí ó tó lè di èéfín. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iná gáàsì ni àwọn tí ń lò ó fi ń mú irin kékeré kan gbóná. Irin náà jọ ìṣó káfíńtà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní ìṣó. Lẹ́yìn náà ni a ṣe èyí tí ń lo iná mànàmáná, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní e-nail. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó pín sí:

(a) Àpótí ìdarí, tí a ń ki wáyà rẹ̀ bọ ojú iná lára ògiri. Ara rẹ̀ ni nọ́ńbà ooru ti ń hàn.

(b) Òṣùká wáyà, tí ó ń gbóná bí sítóòfù oníná. Ohun tí ń wọn ooru wà nínú rẹ̀.

(d) Ìṣó fúnra rẹ̀, tí í ṣe àwo kóńkó tí òṣùká náà yí ká. Irin tàìténíọ̀mù, òkúta dídán tí a ń pè ní quartz, tàbí amọ̀ sísun ni a fi ń ṣe é.

(e) Ìkòkò gíláàsì tí omi wà nínú rẹ̀, tí èéfín ń gbà kọjá kí ó tó dé ẹnu.

Ẹni tí ń lò ó yóò yan iye ooru tí ó fẹ́. Bí ìṣó bá ń tutù, àpótí yóò rán iná sí i. Bí ó bá ti gbóná tó, yóò dá iná náà dúró, gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù oníná ti ń ṣe. Báyìí ni ó ṣe lè wà ní gbígbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Omi ń hó ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìwọ̀n 300 sí 400 ni ìṣó oníná sábà máa ń wà. Nítorí náà ni ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn fi bó ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ OHUN ÈLÒ NÁÀ

1. Ooru tí ojú kò rí. Ìṣó tí ó gbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná. Bí ó ti rí nígbà tí ó tutù náà ni ó rí nígbà tí ó gbóná. Ọmọdé kò lè mọ ìyàtọ̀, àgbà pàápàá a máa gbàgbé.

2. Agbára iná. Iná ilé ní Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, tiwa ní Nàìjíríà sì jẹ́ 230 sí 240. Bí a bá ki ohun agbóná tí a ṣe fún 120 nìkan bọ iná 240, ooru tí yóò máa tú jáde kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Wáyà lè yọ́, àpótí lè gbiná, ilé sì lè jó.

3. Wáyà tí kò bá ara wọn mu. Ẹnu wáyà tí àwọn tí ń ṣe ohun èlò yìí ń lò lè jọra lójú, kí ètò inú wọn má sì dọ́gba. Ẹni tí ó bá mú àpótí ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan, tí ó fi òṣùká ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn sí i, lè mú kí iná gun ara irin tí a ń fi ọwọ́ kàn.

4. Nọ́ńbà tí ń tan ni jẹ. Ooru inú òṣùká ni àpótí ń kà, kì í ṣe ti ojú àwo tí oje wà. Ìwọ̀n méjèèjì kì í dọ́gba. Yàtọ̀ sí èyí, àpótí kan lè fi òṣùwọ̀n Fahrenheit kà, kí òmíràn fi Celsius kà. 400 ti Fahrenheit jẹ́ nǹkan bí 204 ti Celsius, ṣùgbọ́n 400 ti Celsius jẹ́ 752 ti Fahrenheit. Ẹni tí ó bá ṣi òṣùwọ̀n mú lè sun ara rẹ̀ ní ọ̀fun.

5. Èéfín olóró. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Portland State ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ohun tí ooru gíga ń ṣe sí àwọn èròjà olóòórùn inú igbó. Wọ́n rí i pé àwọn èròjà wọ̀nyí lè di benzene, tí ń fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, àti methacrolein, tí ń bó ihò atẹ́gùn inú ara. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni èròjà olóró wọ̀nyí náà ń pọ̀ sí i.

OHUN TÍ ÒGIDÌ OJE Ń ṢE NÍNÚ ARA

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a bá fà á símú, ọkàn a máa lù kìkì, ẹnu a gbẹ, ojú a pọ́n. Nítorí pé ó lágbára púpọ̀, ìbẹ̀rù ńlá lè dé bá ẹni náà, kí ó máa rò pé àwọn ènìyàn ń lépa òun, tàbí kí ó máa gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ní ara àwọn kan, pàápàá àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìran wọn, ìdàrú ọpọlọ yìí lè má lọ bọ̀rọ̀.

Ọpọlọ ọ̀dọ́ ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Igbó líle tí a ń lò lójoojúmọ́ ní àkókò yìí ń ba ìrántí àti ìfọkànsí jẹ́. Bí a bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó já fáfá tẹ́lẹ̀ tí kò lè parí ojú ìwé kan mọ́, ó yẹ kí a bèèrè ìdí rẹ̀.

Aboyún tí ó ń lò ó ń gbé THC dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú rẹ̀, ó sì lè bí ọmọ tí kò tóbi tó. Èròjà yìí ń bá omi ọyàn jáde pẹ̀lú.

Àìsàn kan tún wà tí a kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ní ọdún 2004. Ẹni tí ó ti ń lo igbó fún ìgbà pípẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bì léraléra, inú yóò máa run ún, ara rẹ̀ kò sì ní rọ̀ ọ́ àfi bí ó bá wẹ omi gbígbóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pè é ní ibà tàbí ọgbẹ́ inú. Bí èébì náà bá pọ̀, omi ara yóò gbẹ, kíndìnrín sì lè bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń wò ó tán ni kí ẹni náà jáwọ́ nínú igbó pátápátá.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A MÁA Ń GBỌ́ ÀTI ÒTÍTỌ́ WỌN

"Omi inú ìkòkò gíláàsì ń fọ èéfín náà mọ́." Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ń mú èéfín tutù kí ó lè rọrùn láti fà ni. Kì í sọ ọ́ di afẹ́fẹ́ tí ó mọ́.

"Kì í ṣe èéfín sìgá, kò lè pa ẹ̀dọ̀fóró lára." Ní ọdún 2019, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn tí ń fa oje igbó láti inú ohun èlò kékeré alápò tí ń lo bátìrì. Títí di oṣù kejì ọdún 2020, ènìyàn 2,807 ni a kọ sílẹ̀ pé ó dé ilé ìwòsàn tàbí tí ó kú, 68 sì ni àwọn tí ó kú nínú wọn. Òróró fítámì E tí àwọn oníṣòwò ayédèrú bù mọ́ oje náà ni a rí pé ó jẹ́ olórí ohun tí ó fà á. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ìṣó oníná ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ojú kò lè mọ ohun tí a pò mọ́ oje.

"Oògùn ni, àwọn dókítà òyìnbó ń fún aláìsàn." Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ní ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí a yọ láti inú igbó, Epidiolex, fún irú àìsàn wárápá kan tí ń mú ọmọdé. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn kò ní THC tí ń pani bí ọtí nínú lọ títí, a ń wọn ọ́n fún aláìsàn, dókítà sì ń ṣọ́ ọ. Ògidì oje tí ọmọ ń mú gbóná nínú yàrá kì í ṣe oògùn yẹn.

"Igbó kì í di bárakú." Ó ń di bárakú, ní pàtàkì èyí tí ó le tó báyìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ lè máa bínú sódì, kí oorun dá lójú rẹ̀, kí oúnjẹ má sì wù ú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

FÚN ÀWỌN ÈNÌYÀN WA NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ní Nàìjíríà, òfin kò gba igbó tàbí oje rẹ̀ láyè. Àjọ NDLEA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ni ó ń mójú tó èyí. Oje díẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ìṣó nínú àpò ìrìn-àjò ti tó láti kó ènìyàn sí wàhálà ní pápákọ̀ òfurufú. Ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ènìyàn láti ní i lọ́wọ́. Kánádà fi òfin gbà á láyè ní ọdún 2018, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà sì gbà á láyè. Colorado bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àgbàlagbà ní ọdún 2014. Ṣùgbọ́n òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣì kà á mọ́ oògùn tí a fi òfin dè. Ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lè pàdánù ìwé ìgbélùú rẹ̀ nítorí igbó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ tí ó ń gbé gbà á láyè. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó lọ.

Ìmọ̀ràn wa fún gbogbo ènìyàn ni pé kí wọ́n má lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé níbi tí òfin gbà á láyè, tí kò sì tíì lè fi í sílẹ̀, kí ó tètè mọ nǹkan wọ̀nyí:

(a) Kí ó má ṣe yọ oje fúnra rẹ̀ nínú ilé láéláé, kí ó má sì ra èyí tí a kò yẹ̀ wò.

(b) Kí àpótí, òṣùká àti ìṣó jẹ́ ti oníṣẹ́ kan náà, kí a ti yẹ àpótí náà wò fún ààbò iná, kí ó sì lè pa ara rẹ̀ bí a bá gbàgbé rẹ̀. Kí ó sá fún irin olówó pọ́ọ́kú tí a fi ọ̀dà kùn.

(d) Kí ó wo wáyà dáadáa kí ó tó tan iná. Bí ara wáyà bá ti bó, tàbí tí nọ́ńbà ń fò sókè sódò, kí ó má lò ó mọ́.

(e) Ọtí spírítì tí a fi ń nu ìṣó a máa gbiná. Kí ó kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lójú iná, kí ìṣó tutù pátápátá, kí spírítì tó kàn án. Kí ó sì gbẹ tán kí ó tó tún gbóná.

(ẹ) Kí ooru àti ìwọ̀n oje kéré jù lọ, kí ó má fi ọtí kún un, kí ó má sì wa ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

(f) Kí ó ti ohun gbogbo mọ́ inú àpótí tí ó ní kọ́kọ́rọ́, jìnnà sí ọmọdé.

Kí a má tan ara wa jẹ: ìtọ́jú ohun èlò lè dín iná àti àpá kù, kò lè sọ ògidì oje di ohun tí kò léwu.

BÍ ÌJÀǸBÁ BÁ ṢẸLẸ̀

Bí ìṣó bá jó ènìyàn, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí yìnyín sí i. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ọmọdé bá gbé oje náà mì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà. Ẹ̀mí ọmọ ṣe iyebíye ju ìtìjú lọ.

Bí ẹni tí ó lò ó bá dákú, ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí èébì má bàa fún un lọ́fun, kí ẹ sì wá ọkọ̀ kíákíá.

OHUN TÍ ÒBÍ LÈ ṢE

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá rí ohun èlò yìí, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo tàbí èpè. Ẹ jókòó ti ọmọ náà nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá. Ẹ bi í ní ohun tí ó ń ṣe é, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta àti èyí tí ó wà ní Yábàá ní Èkó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Kì í ṣe wèrè nìkan ni a ń gbé lọ síbẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà, tí a sì pe àbájáde rẹ̀ ní ti ọdún 2018, fi hàn pé ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 10.6 ni ó lo igbó láàárín ọdún kan. Nítorí náà, kí ìtìjú má ṣe dí ilẹ̀kùn ìtọ́jú.

Ní ti ìyá tí a sọ ìtàn rẹ̀, ó gba ìmọ̀ràn. Dókítà bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, ọmọ sì jẹ́wọ́ pé ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí òun ti ń lò ó. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí ń mú un bì. Kò rọrùn fún un. Ó gbìyànjú láti jáwọ́, ó tún padà sí i lẹ́ẹ̀kan, èébì sì tún dé. Lẹ́yìn èyí ni ó fi í sílẹ̀ tán. Nígbà tí a tún rí ìyá náà lọ́jà, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ fún wa ni pé ọmọ òun ti ń jẹ iyán. Àpá ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ewé igbó àti ògidì oje rẹ̀?

2. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá ki ohun èlò tí a ṣe fún iná Amẹ́ríkà nìkan bọ iná ilé wa?

3. Àmì wo ni ó fi hàn pé èébì tí ń ṣe ọ̀dọ́ kan lè má jẹ́ ti ibà?

4. Bí o bá rí ìṣó oníná nínú àpò ọmọ rẹ, kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìwọ yóò bá a sọ?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí kò lè kàwé nínú ilé yín. Ìlera lọ́rọ̀.